Dróònù Kékeré Lọ́wọ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀

Nígbà tí ìròyìn bá mẹ́nu kan dróònù, èyíinì ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú, tí ẹni tí ó ń darí rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn olùgbọ́ ni àwọn ńláńlá tí wọ́n tó bàlúù gidi, tí wọ́n ń gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń gbé mísáìlì sábẹ́ ìyẹ́, tí olùdarí wọn sì lè wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó jìnnà réré sí ojú ogun. Irú wọn kọ́ ni àsọyé yìí dá lé. Àwọn tí ó dá lé ni àwọn kékeré tí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ń gbé sínú àpò ẹ̀yìn, tí ó ń fi ọwọ́ jù sókè, tí wọn kì í sábà gbé ohun ìjà, tí iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n wo ohun tí ó wà níwájú, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó rán wọn. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà pín dróònù sí ìsọ̀rí márùn-ún, wọ́n sì fi irú èyí sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, tí ó jẹ́ ti àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 9 lọ, tí wọn kì í sì í fò ga ju nǹkan bí mítà 365 lọ sí ilẹ̀.

Ìbéèrè tí àwọn ọkọ̀ kékeré wọ̀nyí ń dáhùn ti wà láyé ṣáájú ẹ̀rọ. Olórí ogun tí ó bá kó ènìyàn dé ẹsẹ̀ òkè kan kò lè ṣàìbéèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn òkè náà, bóyá igbó lásán ni, bóyá àwọn ọ̀tá ti lúgọ síbẹ̀, bí wọ́n bá sì lúgọ, mélòó ni wọ́n, apá ibo ni wọ́n kọ ojú ìbọn wọn sí. Láyé ogun ẹṣin àti ọ̀kọ̀, ayọ́lẹ̀wò ni wọ́n ń rán lọ, ènìyàn ẹlẹ́ran ara tí ó lè kú sọ́hùn-ún, èyí tí ó bá sì padà bọ̀, ìròyìn tí ó mú dé lè ti di ti àná. Àwọn ọmọ ogun Faransé gbé ojú náà lọ sókè ní ọjọ́ 26 oṣù June ọdún 1794 níbi ogun Fleurus, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí, nígbà tí Jean-Marie Coutelle jókòó sínú bàlúùnù tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀, tí ó ń wo bí àwọn ọmọ ogun Austria ṣe ń rìn, tí ó sì ń fi ìròyìn ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gágun nísàlẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, láàárín ọdún 1914 sí 1918, bàlúù gba iṣẹ́ náà, kámẹ́rà sì bá a wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí ojú náà ṣe ń ga sí i ni ó ń jìnnà sí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí ó nílò rẹ̀ jù lọ, nítorí pé ẹ̀ka ológun mìíràn ni ó ni bàlúù, àwòrán tí wọ́n bá sì yà ní láti dé yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, kí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gba ọwọ́ ọ̀gá kan bọ́ sí ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, nígbà tí yóò bá sì fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sínú kòtò, ọ̀tá ti lè ṣí kúrò níbẹ̀. Jíjìnnà yìí, láàárín ẹni tí ó ń béèrè àti ẹni tí ó ń rí, ni ó yẹ kí olùgbọ́ fi sọ́kàn, nítorí òun ni a lè fi wọn èyí tí ó wúlò àti èyí tí kò wúlò nínú gbogbo ẹ̀rọ tí a ó dárúkọ láti ibí yìí lọ.

Ísírẹ́lì ni ó kọ́kọ́ fi hàn pé dróònù lè fi àwòrán ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ kí ó sì wúlò fún ogun. Nínú ogun oṣù October ọdún 1973, mísáìlì àwọn ọmọ ogun Íjíbítì àti Síríà já ọ̀pọ̀ bàlúù Ísírẹ́lì bọ́, awakọ̀ tí wọ́n sì pàdánù kò ṣe é fi owó rà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe Mastiff, ọkọ̀ aláìlawakọ̀ tí ó gbé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, àti èkejì rẹ̀ tí wọ́n pè ní Scout, nígbà tí ó sì di oṣù June ọdún 1982, irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi ṣọ́ ibùdó mísáìlì àwọn ará Síríà ní Àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánónì kí àwọn bàlúù ogun tó lọ bà wọ́n jẹ́. Amẹ́ríkà wò ó, ó sì gba Pioneer, tí ó tinú iṣẹ́ Ísírẹ́lì jáde, wọ iṣẹ́ ní ọdún 1986. Pioneer kò kéré rárá, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 200, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i nínú Ogun Gulf ọdún 1991 tí ó yẹ kí á sọ: nígbà tí èyí tí ó ti inú ọkọ̀ ojú omi ogun Wisconsin gbéra fò kọjá lórí erékùṣù Faylaka, àwọn ọmọ ogun Ìráàkì tí wọ́n wà níbẹ̀ gbé aṣọ funfun sókè, wọ́n túúbá fún ẹ̀rọ, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé bí ìró rẹ̀ bá ti dún, àgbá ńláńlá inú ọkọ̀ ojú omi ni yóò tẹ̀lé e. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àjọ Smithsonian ń tọ́jú fún ọkọ̀ òfuurufú ní Washington ti gba irú ọkọ̀ náà sí àkójọ rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú láti ṣe tirẹ̀, tí wọ́n pè ní Aquila. Ohun kékeré tí yóò máa ríran fún àwọn afàgbá jà ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan fi tirẹ̀ kún un, òmíràn náà fi tirẹ̀ kún un: kí ó máa fi ìtànṣán lésà tọ́ka sí ọkọ̀ ogun ọ̀tá, kí ó ní ìgbì rédíò tí ẹnikẹ́ni kò lè dí, kí ó máa ríran lóru, kí ó máa balẹ̀ sínú àwọ̀n. Gbogbo èyí ni wọ́n fẹ́ kì bọ inú ara kan ṣoṣo tí kò sì gbọdọ̀ tóbi. Owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là bá a lọ, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì ní ọdún 1987 láìjẹ́ pé ó dé ojú ogun kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn tí ó yege lẹ́yìn rẹ̀ fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo Aquila.

Ibi tí àwọn ológun kò ronú kàn ni ìdáhùn ti wá. Paul MacCready jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó fẹ́ràn bàlúù aláìní-ẹ́ńjìnnì, òun ni ó dá iléeṣẹ́ AeroVironment sílẹ̀ ní California ní ọdún 1971. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni Gossamer Condor, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní agbára kankan bí kò ṣe ti ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó ń tẹ pẹ́dà nínú rẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀bùn Kremer ní ọdún 1977, àti èyí tí ó tẹ̀lé e, Gossamer Albatross, tí Bryan Allen fi ẹsẹ̀ wà kọjá òkun tóóró tí ó wà láàárín England àti Faransé ní ọdún 1979. Iléeṣẹ́ tí ó ti mú kí ẹsẹ̀ ènìyàn kan gbé ọkọ̀ fò ti mọ bí a ṣe ń gé ìwọ̀n kù títí tí kò fi ní sí ohun tí a tún lè gé mọ́, ìmọ̀ yìí gan-an ni ó sì wọ inú Pointer, dróònù tí wọ́n gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Ìyẹ́ Pointer fẹ̀ tó mítà 2.7, ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù 4, bátìrì ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú sókè, ọkọ̀ náà àti ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ sì wọ inú àpò ẹ̀yìn méjì. Ní ìwọ̀n tí a gbé kalẹ̀ níṣàájú, Pointer ti mú ojú dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń béèrè. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ojú kámẹ́rà rẹ̀ kì í yí, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ ni olùdarí ní láti yí kí ó tó lè wo ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí ohun kankan nínú rẹ̀ tí ó lè sọ ibi tí ó wà gan-an. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí aṣálẹ̀ fún Ogun Gulf ọdún 1991, iyanrìn lọ súà láìsí igi, láìsí ilé, láìsí odò tí olùdarí lè fi ṣàmì, tí ó fi jẹ́ pé ó lè rí ọkọ̀ ọ̀tá kedere lójú ẹ̀rọ kí ó má sì mọ apá ibo ni ọkọ̀ náà wà. Àwọn afàgbá jà kò sì lè yin àgbá sí àwòrán, ibi ni wọ́n ń yìn ín sí.

GPS ni ó yanjú ìṣòro yìí, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tí ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí ó wà lórí ilẹ̀ ayé, nígbà tí ohun èlò tí ń gbà á ti kéré tó láti wọ inú ọkọ̀ tí kò tó kìlógíráàmù 2. Ọdún 2001 ni AeroVironment kọ́kọ́ gbé èyí tí ó di Raven sókè, ní ọdún 2005 sì ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàn án gẹ́gẹ́ bí dróònù kékeré tí gbogbo ikọ̀ rẹ̀ yóò máa lò. Nítorí pé àsọyé orí rédíò yìí kò ní àwòrán, ó tọ́ kí á ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì kò pé mítà 1.4, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 1.9, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìyẹ́ tí ó ń tì í síwájú, imú rẹ̀ sì ṣe é yọ kúrò, nítorí pé inú imú náà ni kámẹ́rà wà. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, imú kan wà fún ọ̀sán, òmíràn sì wà fún òru, tí kámẹ́rà rẹ̀ ń fi ooru ríran, ìyẹn ni pé ara ènìyàn àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ máa ń hàn yàtọ̀ sí ilẹ̀ tútù tí ó yí wọn ká. Ó lè wà lókè fún ìṣẹ́jú 60 sí 90, ó lè jìnnà tó kìlómítà 10 sí olùdarí rẹ̀, ó sì sábà máa ń fò láàárín mítà 30 sí 150 lókè ilẹ̀.

Ọmọ ogun méjì ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan di ẹ̀rọ ìdarí mú lọ́wọ́, tí ó ń wo ohun tí ọkọ̀ ń wò lójú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ìbòrí bò kí oòrùn má baà pa àwòrán rẹ̀, èkejì sì jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwòrán ilẹ̀ wà lórí rẹ̀, tí ó ń sàmì sí àwọn ibi tí ọkọ̀ yóò tọ̀ lọ. Nígbà tí ó bá tó àkókò, ẹnì kan á gbé ọkọ̀ náà sókè orí, á kọ ojú sí afẹ́fẹ́, á sì jù ú bí ẹni sọ ọ̀kọ̀, abẹ̀bẹ̀ á sì gbà á lọ. Ó lè fò fúnra rẹ̀ láti àmì kan dé òmíràn, bí ìgbì rédíò tí ó so ó mọ́ olùdarí bá sì já, yóò kọ orí sí ibi tí wọ́n ti sọ fún un pé ilé ni. Ẹ̀kọ́ tí ó ń sọ ọmọ ogun lásán di olùdarí Raven kò ju nǹkan bí ọjọ́ 10 lọ, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá ṣe Aquila ni, ìbá ti gba ọ̀pọ̀ oṣù àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pàtàkì.

Bíbalẹ̀ rẹ̀ ni ó ń ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu jù. Raven kò ní táyà, kò ní ẹsẹ̀, kò sì nílò ibi títẹ́jú láti sáré balẹ̀. Nígbà tí ó bá dé orí ibi tí wọ́n fẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á kú, ìrù rẹ̀ á yí, afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé ìyẹ́ rẹ̀ á já, ọkọ̀ náà á sì máa já bọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ ní ìdúró, títí yóò fi lu ilẹ̀ tí á sì tú ká, ìyẹ́ lọ́tọ̀, imú lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ń wò ó yóò rò pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an nìyẹn, nítorí pé agbára ìlulẹ̀ tí ìbá fọ́ ara rẹ̀ ti lọ sínú títú ká, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tò ó pọ̀ padà. Ọkọ̀ kan ná wọn ní nǹkan bí 35,000 dọ́là, àkójọ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìdarí rẹ̀ lápapọ̀ sì tó nǹkan bí 250,000 dọ́là. Owó yẹn kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá fi í wé ti bàlúù ogun, owó tí ọ̀gá lè fọkàn balẹ̀ ná ni, iye tí wọ́n sì ti ṣe jáde lé ní 19,000.

Ní Ìráàkì àti Afghanistan, iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ Raven kò ní ariwo. Kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó jáde, wọ́n á rán an síwájú lójú ọ̀nà. Kì í rí àdó olóró tí a ti rì mọ́lẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé ó ń rí i ń tan olùgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè rí àwọn ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n ń walẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní aago méjì òru, ooru ara wọn á sì tàn lójú ẹ̀rọ. Wọ́n tún ń lò ó láti yí ibùdó po, láti wo orí òrùlé ilé tí wọ́n fẹ́ wọ̀, àti láti tẹ̀ lé ẹni tí ó yin ìbọn tí ó sì sá lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀gá kékeré tí ó ní bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun lábẹ́ kò ní láti kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni kí ó tó rí ẹ̀yìn òkè. Ìwọ̀n jíjìnnà tí a ti ń tọ́ka sí ti di ìgbésẹ̀ mélòó kan láàárín ọ̀gá náà àti ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú.

Ṣùgbọ́n rírí yìí ní ààlà tí àwọn tí ń polówó ẹ̀rọ kì í sọ. Ẹni tí ó ń fi kámẹ́rà kékeré wo ilẹ̀ láti òkè dà bí ẹni tí ó ń wo agbo ijó láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ohun tí ó bọ́ sí ojú ihò ni ó mọ̀, èyí tí ó wà ní ìgbésẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ kò sí fún un rárá. Bí ọkọ̀ bá ga, ilẹ̀ tí ó ń rí á fẹ̀ ṣùgbọ́n ènìyàn á di èérún, bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ènìyàn á hàn ṣùgbọ́n ìró abẹ̀bẹ̀ á ta ọ̀tá lólobó. Ọkọ̀ tí kò tó kìlógíráàmù 2 kò lè bá ìjì jà, òjò kì í jẹ́ kí ó ríran, igbó dídí sì bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ewu tún wà pé ẹni tí ó ti rí àwòrán lè gbàgbọ́ pé òun ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ tí ó gbé ọkọ́ léjìká àti ẹni tí ó gbé ìbọn kò yàtọ̀ púpọ̀ láti mítà 150 lókè, pàápàá lóru nígbà tí ooru nìkan ni ó ń hàn.

Ojú ọ̀run náà sì ní àwọn mìíràn tí ń gbà á kọjá. Ní oṣù August ọdún 2004, ní tòsí Kabul, dróònù Luna ti àwọn ọmọ ogun Jámánì, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 40 lọ, súnmọ́ bàlúù Airbus ti iléeṣẹ́ Ariana tí ó kún fún èrò débi pé àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò ju bí mítà 50 lọ, ìjì tí bàlúù ńlá náà ń fà lẹ́yìn sì dojú dróònù náà délẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé ikọ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan lè ju ọkọ̀ sókè nígbà tí ó bá wù ú, ẹnì kan ní láti mọ gbogbo ohun tí ó wà lókè, èyí sì ni iṣẹ́ tí òmìnira àwọn ikọ̀ kékeré dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ńlá.

Àwọn ará Norway tilẹ̀ tún mú ẹ̀rọ náà kéré sí i. Iléeṣẹ́ Prox Dynamics, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ṣe Black Hornet, hẹlikópítà aláìlawakọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó gíráàmù 20, kámẹ́rà àti bátìrì kún un. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò ó ní Afghanistan láti yọjú wo ẹ̀yìn ògiri àti igun ilé kí ènìyàn tó gba ibẹ̀ kọjá. Kò lè pẹ́ lókè ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ wo ẹ̀yìn ògiri kò nílò wákàtí kan.

Ogun Ukraine ni ó dán gbogbo èyí wò lójú ọ̀tá tí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Amẹ́ríkà fún Ukraine ní Raven 72, irú ti àtijọ́ tí ìgbì rédíò rẹ̀ kò ní ìdáàbòbò púpọ̀, nígbà tí ó sì di ìparí ọdún 2016, àwọn ọ̀gá ológun Ukraine ti ń sọ ní gbangba pé ọkọ̀ náà kò bá àwọn lára mu, nítorí pé àwọn ará Rọ́ṣíà àti àwọn tí wọ́n ń tì lẹ́yìn lè dí ìgbì rẹ̀ kí wọ́n sì jí ìròyìn rẹ̀ gbọ́. Dídí ìgbì rédíò túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ kan pariwo lórí ìgbì kan náà tí dróònù ń lò títí tí kò fi ní gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń darí rẹ̀ mọ́, wọ́n sì lè fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ da GPS rẹ̀ rú kí ó má mọ ibi tí ó wà. Ní Afghanistan, irú ewu bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Kò sí àbùkù tuntun kankan nínú Raven, ọ̀tá ni ó yàtọ̀.

Ọjà ni àwọn ará Ukraine ti rí ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn tí ń fi dróònù ṣeré ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Aerorozvidka, tí wọ́n sì ń tún dróònù tí a rà nínú ṣọ́ọ̀bù ṣe fún iṣẹ́ amí. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ inú orílẹ̀-èdè náà ní oṣù February ọdún 2022, Mavic tí iléeṣẹ́ DJI ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó ń lò ní Èkó, di ojú ikọ̀ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Mavic 3 kò pé kìlógíráàmù 1, abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ni ó ń gbé e, ó lè dúró sójú kan lókè, èyí tí Raven kò lè ṣe, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìdá díẹ̀ nínú ti Raven. DJI kéde ní oṣù April ọdún 2022 pé àwọn dá títà dúró ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn olùrànlọ́wọ́ ń rà á ní ibòmíràn wọ́n sì ń kó o wọlé. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní Orlan-10, tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.1, nígbà tí àwọn ará Ukraine sì tú ọ̀kan palẹ̀, kámẹ́rà Canon tí ẹnikẹ́ni lè rà ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ohun tí èyí sọ ogun dà fún afàgbá jà pọ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn àgbá lè rí ibi tí ọta rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sí, kí ó sún ojú àgbá díẹ̀ sí òsì, kí èkejì sì bá ohun tí ó fẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ìbá ti gba wákàtí láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n okùn àìrí tí ó so olùdarí mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni ó tún ń tú u fó. DJI fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ó pè ní AeroScope fún àwọn ọlọ́pàá àti pápákọ̀ òfuurufú, tí ó ń fi ibi tí dróònù rẹ̀ wà àti ibi tí olùdarí dúró sí hàn, ẹ̀rọ tí a ṣe fún ààbò ìlú sì di ohun tí ó lè mú kí àgbá bọ́ lu olùdarí. Ìdí nìyí tí àwọn olùdarí fi ń sá wọ inú àjà ilẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé erìà sí ibi tí ó jìnnà sí wọn. Láti ọdún 2024 ni ìhà méjèèjì ti ń lo àwọn dróònù ìkọlù tí ń tú okùn dígí tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń fò, tí àwòrán àti àṣẹ ń gba inú okùn náà kọjá, tí kò fi sí ìgbì rédíò tí ẹnikẹ́ni lè dí tàbí tọ̀. Bàlúùnù Fleurus náà so mọ́ okùn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà tí dróònù gbà wọ iṣẹ́ ológun yàtọ̀, nítorí pé ọwọ́ iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ni ó kọ́kọ́ wà. Ní oṣù December ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí Gulma, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà ṣe, sójú ayé ní Kaduna, ní oṣù February ọdún 2018 sì ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tsaigumi, tí wọ́n bá iléeṣẹ́ UAVision ti ilẹ̀ Pọ́túgà ṣe, tí ó sì lè wà lókè ju wákàtí 10 lọ. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á yìn ni, ṣùgbọ́n Tsaigumi kì í ṣe ohun tí ọmọ ogun lè gbé sẹ́yìn. Ẹni tí ó wà nínú yàrà ní ẹ̀bá adágún Chad, tí ó ń ṣọ́ ibùdó tí ọ̀tá ń yọ́ wọ̀ ní ìdájí, nílò ohun tí ó lè jù sókè fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó fura, dípò kí ó máa retí kí ẹ̀ka mìíràn rí i kí wọ́n sì sọ fún un.

Ó dunni pé àwọn tí wọ́n ń bá a jà tètè mọ èyí. Ní ìparí ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ọmọ ogun Boko Haram ti ń lo dróònù ní Borno, nígbà tí ó sì di oṣù December ọdún 2024, dróònù tí ó gbé àdó olóró kọ lu ibùdó àwọn ọmọ ogun ní Wajiroko. Òfin ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí yóò lo dróònù ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò àti lọ́dọ̀ àjọ NCAA tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ní oṣù January ọdún 2025, àwọn aláṣẹ ológun ní Àríwá Ìlà Oòrùn tún fi òfin de lílo dróònù láìgba àṣẹ ní gbogbo agbègbè náà, títí kan ti àwọn àjọ tí ń ṣàánú àti ti àwọn oníṣẹ́ aládàáni. Òfin náà ní ìdí, nítorí pé kò sí àmì kankan lára ohun tí kò pé kìlógíráàmù 1 tí a lè fi ojú lásán wò láti mọ ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jí dróònù lò kì í wá gba àṣẹ, ọmọ ogun tí ó bá sì gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ lókè ibùdó lóru ṣì ní láti pe ibùdó ńlá lórí rédíò, kí ó béèrè bóyá tiwọn ni, kí ó sì dúró de èsì.